Ẹmu Ọ̀pẹ Tó Ti Ṣubú

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ọ̀pẹ mọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Adẹ́mu ni. Ìlú kékeré kan létí odò ni ó ń gbé, àwọn ọ̀pẹ tí ó ń gùn sì wà ní kòtò ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ tán bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ mú. Ọ̀pẹ àgbà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbìn wọ́n. Bóyá ẹyẹ ló sọ kóró wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú náà dó. Bàbá adẹ́mu yìí ti gùn wọ́n, bàbá bàbá rẹ̀ sì ti gùn wọ́n, ibi tí igbà tí a fi ń gùn wọ́n ti ń ha ara wọn láti ayébáyé sì ti dán bí èèkù ọkọ́ àtijọ́.

Olúkúlùkù wọn ló ní orúkọ. Èyí tó tẹ̀ láàárín ni Abuké. Méjì tó dúró ti ara wọn ni Ìbejì. Èyí tó ga jù ni Ajíróòrùn, nítorí pé orí rẹ̀ ni oòrùn ń kọ́kọ́ bà. Èyí tí kì í mú ju ìwọ̀nba wá, bí ó ti wù kí a bẹ̀ ẹ́ tó, ni Agídí. Adẹ́mu a máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ó bá ń gùn lọ. Bí ó bá dé orí Agídí, a fi ọwọ́ gbá a lára, a ní, "Ahun, mo tún dé o."

Kò sí àrà kankan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́. Ó ń gùn ní ìdájí, ó ń fi ọ̀bẹ bẹ́ ojú ibi tí ẹmu ti ń sun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ iṣu tí kò fẹ́ kí ara iṣu bá èèpo lọ. Ó ń sọ agbè tó ti kún kalẹ̀, ó ń so òmíràn kọ́. Kì í bu omi sí i. Kì í fi súgà sí i, kì í sì í fi èèpo igi sí i kí ó lè yára le. Kì í tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ agbè; omi odò ló fi ń ṣàn án, a sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹmu tuntun lè bá ará ilé nílé. Bí ọ̀pẹ ti fún un ni òun náà ń fún èèyàn. Bí òjò bá sì ti wọlé, yóò dí ojú gbogbo wọn, yóò fi igbà kọ́ ara ògiri, yóò ní àwọn àgbà ń sinmi. Láti ìgbà náà títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé, oko ẹ̀gẹ́ ló ń lọ.

Ẹmu náà kò pọ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ẹmu ọ̀pẹ kékeré a máa pariwo lẹ́nu, pé ti ọ̀pẹ àgbà a máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹni tó bá sì mu ún láàárọ̀ yóò ṣì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn aláwàdà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a ní, "Baba, ṣé ẹmu lẹ gbé wá ni àbí oògùn ikọ́? Ṣíbí mélòó là ń lò lóòjọ́?" Adẹ́mu a dáhùn pé ṣíbí kan ni, kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n sì pa ẹnu dé lẹ́yìn rẹ̀.

Nílùú yẹn, ẹni tó bá gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ bu ahá kan mu lójú gbogbo èèyàn. Bí òun kò bá mu, ẹnì kankan kò ní mu. Ara rẹ̀ ni ó fi ń jẹ́rìí sí ohun tí ó gbé wá. Lárààárọ̀, adẹ́mu a gbé agbè rẹ̀ sọ̀ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà, a jókòó lórí àjákù pákó, a mu ahá àkọ́kọ́, káfíńtà a sì na ọwọ́ gba ahá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ti dúdú.

Ilẹ̀ tí àwọn ọ̀pẹ wà kì í ṣe ti adẹ́mu. Ìyá kan ló ni ín, ilẹ̀ tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ara òun kò le mọ́, ó pe adẹ́mu. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀. Káfíńtà náà wà níbẹ̀, nítorí ó wá tún ilẹ̀kùn yàrá ìyá ṣe. Ìyá ní, "Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọ̀pẹ wọ̀nyí bá dúró, ìwọ ni wàá máa gùn wọ́n. Bí mo bá kú, kò yí padà." Adẹ́mu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Káfíńtà ṣe àmín. Àbúrò ìyá náà ṣe àmín. Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àgbà méjì bá fi etí gbọ́ nílùú yẹn ti di òkúta.

Nígbà tí ìyá wá dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́, ó ní gbogbo oúnjẹ ti di eérú lẹ́nu òun, àfi ẹmu yẹn. Adẹ́mu ń gbé ahá kan lọ fún un ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń gbé e sí i lẹ́nu, ó ń fi ìka nu ìyókù kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá bí wà ní ìlú ńlá. Ó ń fi oògùn ránṣẹ́. Ó ń pè pé òun ń bọ̀, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun tíì bọ̀. Nígbà tí ó wá dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ìyá.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni ọmọ yìí. Ó sunkún débi pé àwọn tó wá bá a kẹ́dùn di ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tí kò lè fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ó fẹ́ fún un báyìí tó ti kú. Ó gbé òkú lọ sí ilé ìtọ́jú òkú, ó dá ìsìnkú sí oṣù tó ń bọ̀, ó sì sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹni yòówù kó wá, ẹmu ọ̀pẹ ìyá òun ni yóò mu, kò ní mu ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ́ tán ni ó tó ránṣẹ́ pe adẹ́mu.

Ìgbà òjò ni. Adẹ́mu jókòó, ó ṣí fìlà, ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọ̀pẹ ń sinmi. Ó ní bí òun tilẹ̀ jí wọn, ẹmu wọn kò lè tó èrò tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ronú ọ̀nà kan kó tó kúrò nílé. Ó ní òun yóò gun Ajíróòrùn nìkan, òun yóò dá agbè kan, kí olúkúlùkù tó bá wá fi ẹnu kan ẹmu ìyá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n dárúkọ ìyá kí wọ́n tó gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn adẹ́mu abúlé ìtòsí yóò kó tiwọn wá, èrò yóò sì mu yó.

Ọmọ náà mi orí bí ẹni tó gbà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tilẹ̀ jọ pé omi fẹ́ lé sí i lójú. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kí gbogbo ayé wá sin ẹ̀gbọ́n mi, kí a wá fún wọn ní ìtọ́wò? Ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ kí wọ́n bá wa tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò ni? Ọmọdé ìlú yìí pàápàá mọ̀ pé ọ̀pẹ tí a gé lulẹ̀ máa ń sun ju èyí tó wà lóòró lọ. Ẹ gé wọn, kí ìyá lọ bí ẹni ńlá."

Òótọ́ ni pé gbogbo ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ta kò ó.

Adẹ́mu yí ojú sí ọmọ náà. Ó ti gbé e kọ́ èjìká rí nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní, "Ọmọ mi, bí a bá gé ọ̀pẹ, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń tú jáde yẹn. Ó ń pọ̀ nítorí pé ó ń tán." Lẹ́yìn náà ni ó rán wọn létí ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ.

Àbúrò ìyá ní òun kò gbàgbé. "Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí nìyẹn. Ta ló fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ fún ẹlòmíràn? Bí wọn kò bá dúró mọ́, ìlérí ti parí fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dà á."

Káfíńtà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe. Ó wá gba àṣẹ irú pákó tí wọn yóò fi kan pósí ìyá ni. Pósí náà yóò ju gbogbo pósí tó ti kàn rí lọ, pẹ̀lú ọnà lára, pẹ̀lú ìdìmú idẹ; irú iṣẹ́ tí ọ̀nà jíjìn yóò gbọ́ nípa rẹ̀. Ọmọ olóògbé kọjú sí i, ó ní, "Baba káfíńtà, ẹ̀yin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé ìyá mi sọ pé a kò gbọdọ̀ gé wọn?"

Adẹ́mu wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò retí ohun ńlá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń retí. Ọmọ náà pàápàá ń retí rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ kí a dá òun lẹ́kun.

Káfíńtà wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn."

Kò purọ́. Ìyá kò sọ ọ́. Kò sọ ọ́ nítorí pé kò wá sí i lọ́kàn pé a rí ẹni tí ó lè ṣe é.

Àwọn agégẹdú dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ìgégi wọn. Ìbejì lulẹ̀ léra wọn lórí. Abuké ṣubú sí ibi tó ti ń tẹ̀ sí láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí Ajíróòrùn ṣubú, ilẹ̀ mì dé inú ìlú. Àwọn ẹyẹ ẹ̀ga tí ìtẹ́ wọn wà lórí rẹ̀ ń fò yí ká ní òfuurufú, níbi tí orí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé bí àwọn bá ní sùúrù, yóò padà wá. Agídí ló ṣubú kẹ́yìn.

Wọ́n ní kí adẹ́mu wá dá ẹmu wọn. Ó kọ̀. Àbúrò ìyá ní kò burú, òun mọ ẹnì kan ní abúlé kejì tó mọ àdá í lò. Adẹ́mu mọ ẹni náà. Ó ń ṣá ọ̀pẹ bí ẹni ń ṣá ẹran. Adẹ́mu jókòó ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, bí ẹni tí wọ́n pè kó wá wẹ òkú èèyàn rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ. Ó fi igbà sílẹ̀ lára ògiri, nítorí pé kò sí ibi tí a óò gùn mọ́.

Àwọn orí tí ó ti ń bá pàdé lójú ọ̀run láti ìgbà èwe rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ó ní láti kúnlẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó wọn. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Agídí, ó fi ọwọ́ gbá a lára, ó ní, "Ahun, mo tún dé o."

Wọ́n sì sun. Nígbà tí ó fi iná sí abẹ́ wọn díẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ọ̀pẹ tó ti ṣubú, wọ́n sun bí ìsun omi lẹ́yìn òjò. Agbè kò gbà á. Kèrègbè kò gbà á. Wọ́n lọ yá kẹ́ẹ̀gì káàkiri ilé. Agídí tí kì í fúnni ju ìwọ̀nba lọ ló sun ju gbogbo wọn lọ, ní ọ̀sán, ní òru, kò dúró. Ẹmu náà sì dùn. Èyí gan-an ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlú jáde wá wò ó. Wọ́n dúró yí àwọn ọ̀pẹ ká, wọ́n ń ṣe háà. Ẹnì kan ní, "Àṣé báyìí ló ṣe ní i nínú." Òmíràn ní, "Ọ̀pẹ kọ́ ni ahun, adẹ́mu ni. Ó ti ń fi tiwa pamọ́ láti ọjọ́ yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ti ń ra ẹmu lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ fi tọkàntọkàn bi í léèrè ohun tí àwọn ṣe fún un tó fi ń fi ìwọ̀nba ahá díẹ̀ tan àwọn jẹ. Adẹ́mu wà lórí eékún rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bẹ́ ojú ọ̀pẹ lọ. Ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n fi ń jẹ́rìí pé ẹni tó wà láàyè ya ọ̀lẹ.

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Èrò wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n to kẹ́ẹ̀gì jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìfófó ń yọ lẹ́nu wọn. Gbogbo èèyàn ti mú ahá dání, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò mu, nítorí adẹ́mu kò tíì mu. Ọmọ olóògbé fúnra rẹ̀ bu ahá kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní, "Baba, ẹ bá wa ṣí i."

Ahá wà lọ́wọ́ adẹ́mu. Ó mọ̀ pé bí òun bá dà á nù sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yóò gbé ahá wọn kalẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yóò wà bí ó ti wà. Wọn yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò sì sọ ọ́ fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni wọn yóò sì gbọ́. Agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbójú sókè. Ó rí pósí náà, tí ọnà wà lára rẹ̀, tí ìdìmú idẹ ń dán. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ni òun ti ń gbé ahá sí lẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́. Bí òun bá da ẹmu rẹ̀ nù lójú èrò lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín, ìyá náà ni òun yóò dójú tì, kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Àwọn èèyàn yóò rántí pé wọ́n kọ ẹmu níbi òkú ìyá náà. Wọn kò ní rántí ìdí rẹ̀.

Ó mu ún. Omijé sì bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, sínú ahá.

Ẹnì kan láàárín èrò ké pé, "Ẹ ò rí i, ó dùn débi pé adẹ́mu ń sunkún!" Ẹ̀rín sọ, ìdùnnú gba ibẹ̀ kan, gbogbo ahá sì lọ sókè. Káfíńtà na ahá tirẹ̀, ìkejì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Adẹ́mu bù ú fún un. Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn.

Ìsìnkú náà dára. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn tí èrò túká, àwọn ọ̀pẹ ṣì ń sun, ẹmu kò sì ní ẹni tí yóò mu ún. Lẹ́yìn náà ó fẹ́lẹ́, ó kan, ó dáwọ́ dúró. Ara wọn rà. Olú hù lára wọn, àwọn obìnrin ń ká a lọ se ọbẹ̀, wọ́n ní ìyá náà ṣì ń bọ́ àwọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ní ìdájí ọjọ́ kan, adẹ́mu jí, ó mú igbà kúrò lára ògiri, ó lọ sí kòtò ilẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igbà léjìká. Nígbà tí oòrùn yọ, ilẹ̀ lásán ni ó kọ́kọ́ bà.

Àwọn èèyàn ní kí ó lọ gba ọ̀pẹ mìíràn gùn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pẹ kan nítòsí tí kò ní ẹni tó ń gùn ún, kò sì lè lọ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ káfíńtà láàárọ̀, a kí i, a sì máa lọ. Àjákù pákó tó máa ń jókòó lé wà níbẹ̀. Káfíńtà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí rẹ̀.

Ọmọ olóògbé padà wá nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kan náà. Ó kó kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá kò yé sọ̀rọ̀ ẹmu náà, ó sì fẹ́ bù lọ fún wọn. Ó bá adẹ́mu ní ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní òun wá gba ẹmu ìyá òun.

Adẹ́mu ní, "Ẹ ti mu ún tán, ọmọ mi."

Ọmọ náà rò pé ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń sọ. Ó ní òun lè sùn di ọ̀la.

"Ọjọ́ tí ẹ mu ún lẹ mu ún tán."

Ọmọ náà lọ sí kòtò ilẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adẹ́mu, kò ka aṣọ rẹ̀ sí. Ó béèrè bóyá a kò lè gbin òmíràn síbẹ̀. Ó ní òun yóò gbin púpọ̀, ju iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Adẹ́mu kò bínú, bóyá ìbínú ti sun tán lára rẹ̀ òun náà. Ó ní, "Gbìn ín. Ó dára kí o gbìn ín. A lè gbin ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbin àgbà."

Kí òjò tó tún wọlé, adẹ́mu kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́, kò sì ní orúkọ. Káfíńtà ló kan pósí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìdajì, wọ́n jáde láti mí, wọ́n sì béèrè ẹmu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá ń gbẹ́ sàárè nílùú yẹn. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Ẹni tó ti ń gbé ẹmu wá síbi gbogbo sàárè ìlú láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún yìí.

Káfíńtà wọ yàrá adẹ́mu. Igbà wà lára ògiri. Agbè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Adẹ́mu kò fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹmu tuntun lè bá ará ilé nílé. Káfíńtà gbé agbè náà lọ sí odò, ó pọn omi sínú rẹ̀, ó gbé e wá sí etí sàárè. Omi náà ti gba òórùn ẹmu díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ mú ahá, wọ́n sì ń wò ó. Nígbà náà ni ó tó yé e pé òun ni òun gbé e wá, àti pé òun ni òun yóò kọ́kọ́ mu.

Ó bù ú. Ó mu ún. Omijé dà lójú rẹ̀, kò sì lè gbé ahá náà sọ̀kalẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé dídùn ló fà á.

Ìwọ tí o ń gbọ́ ìtàn yìí, ó ní ẹnì kan tí o ń mu ẹmu rẹ̀. Bóyá ìyá rẹ ni, tí o kó ọmọ rẹ lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ogbó, tí o ń sọ pé ara rẹ̀ ṣì le. Bóyá olùkọ́ ọmọ rẹ ni, tí ẹ fi iṣẹ́ ẹni méjì kún tirẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dá àwọn yòókù dúró, tí kò sì tíì sọ̀rọ̀. Bóyá obìnrin tó ń dáná nínú ilé rẹ ni, tí ó ń kọ́kọ́ jí, tí ó ń sùn kẹ́yìn. O rí i pé ó ń ṣe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú rẹ dùn. O sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé, àṣé báyìí ló ṣe ní i nínú. O sì ti ń fi í na àwọn yòókù lẹ́gba ọ̀rọ̀. O rí omijé lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, o ní ayọ̀ ni.

Èmi ń sọ fún ọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń sun lọ́pọ̀ ló wà láàyè. Òmíràn ń pọ̀ nítorí pé ó ń tán.

O lè ní ìwọ kọ́ ni o gé e. Mo gbà. Káfíńtà náà kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ tí wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kan, ó dáhùn pẹ̀lú òótọ́ tí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì na ahá rẹ̀. Ohun tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì tó.

Nítorí náà, kí o tó na ahá rẹ lọ́la, kọ́kọ́ gbójú sókè. Wo òfuurufú. Bí o kò bá rí imọ̀ ọ̀pẹ níbẹ̀, má ṣe mu ún. Gbé e kalẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí o sì béèrè ẹni tó gé e.